Ẹnu Ló Máa Pa Ọmọ Yìí

Òórùn méjì ló máa ń gbé mi padà sí Ifangni, ọ̀rẹ́ mi. Bí wọ́n bá ti pàdé ara wọn nímú mi báyìí, mo ti délé: òórùn omi jáfẹ́ẹ̀lì tí a fi ń fọ ilẹ̀ màtẹ́nítè, ilé ìgbẹ̀bí wa, láàárọ̀, àti òórùn epo pupa tó ń hó ní ẹbu tó wà lódì kejì ọ̀nà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń se epo. Bí oòrùn bá ti ràn díẹ̀, epo á bo jáfẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀, àwọn aboyún á máa ráhùn pé ebi ń pa àwọn, àwa náà á máa dáhùn pé ebi kọ́, ọmọ ló fẹ́ jáde. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà. Mo wọ aṣọ funfun, mo ń ran àwọn agbẹ̀bí lọ́wọ́, mo lè gún abẹ́rẹ́, mo lè ka ìwé oògùn ní Faransé láìṣi ọ̀rọ̀ kan, mo sì rò pé kò sí ohun tó kù láyé tí ẹnikẹ́ni tún lè kọ́ mi nípa ọmọ tuntun. Ìwọ náà mọ̀ mí nígbà yẹn. Agídí mi ju ara mi lọ.

Ìgbà Rẹfolúsíọ̀n ni. O rántí pé a kì í kí ara wa lásán mọ́ níbi iṣẹ́. Ọ̀gá á ké “Prêt pour la révolution!”, pé ká múra sílẹ̀ fún Rẹfolúsíọ̀n, àwa á dáhùn “La lutte continue!”, pé ìjà ń tẹ̀ síwájú, kí á tó bi ara wa bóyá a jí dáadáa. Kámárádì ni gbogbo wa, baálẹ̀ sì ti di délégè. Ohunkóhun tí àwọn àgbà bá sọ tí kò bá wa lára mu, orúkọ kan ṣoṣo la fún un: féodalité. Kò fi bẹ́ẹ̀ sẹ́ni tó lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá ti sọ ọ́ sí àgbàlagbà, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ó máa ń dùn mọ́ mi lẹ́nu. Háà, ẹnu mi yìí! Jẹ́ kí n rọra máa sọ ọ́, nítorí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti lo ọdún mẹ́jọ nílé ọkọ láìbímọ. Ìwọ náà mọ ohun tí ọdún mẹ́jọ máa ń ṣe fún obìnrin nílùú wa. Àwọn èèyàn á máa kí ọ, ojú wọn á sì wà níkùn rẹ. Ẹni tí a ń retí pé yóò kọ́kọ́ bínú ni ìyá ọkọ rẹ̀. A retí rẹ̀ títí, ìyá náà kò bínú. Ará Ko-Koumolou ni, obìnrin kúkúrú tí ẹbu ti sọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di pupa, tí kò ṣeé fọ̀ funfun mọ́. Òun ló máa ń gbé gààrì àti epo wá fún ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo ọjọ́ ọjà, òun ló sì máa ń lé àwọn tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gún un lára. “Ọmọ ni ẹ ń wá ni, àbí ìjà?” ni ó máa ń bi wọ́n. Èmi pàápàá, tí mo jẹ́ àbúrò ìyàwó lásán, Ìyá ni mo ń pè é, ọmọ mi ni ó sì ń pè mí. Bí ó bá gbọ́ pé mi ò tí ì jẹun, á ní kí n jókòó.

Nígbà tí oyún náà dé, tó sì dúró, gbogbo wa ń rìn bí ẹni gbé ẹyin. Màtẹ́nítè wa ló bí i sí. Agbẹ̀bí gba ọmọ, èmi ni mo nu ún, èmi ni mo wé e láṣọ. Ọkùnrin ni, ó fún ìkúùkù rẹ̀ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó bínú sí wa. Ìyá sáré wọlé láti ẹbu pẹ̀lú epo lọ́wọ́, wọn kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ọmọ, ó wá ń jó níbi ìloro, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kó má baà fi epo ba nǹkan jẹ́. Mi ò tí ì rí ẹni tó jó báyẹn rí. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ rántí ojú rẹ̀, ojú ọjọ́ yẹn ni mo máa ń wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló máa ń wá bá mi.

Èmi fúnra mi kò gbádùn ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ibà dá mi dùbúlẹ̀, mo gbọ̀n, mo làágùn, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta ara mi ti balẹ̀, ètè mi òkè sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Kò pẹ́ tí oówo omi wẹ́wẹ́ fi yọ síbẹ̀, ó dì pọ̀ lójú kan, ó ń ta mí. Inú wa dùn! Má rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà mọ ohun tí a máa ń sọ: ibà ti tú sí i lẹ́nu. Ibà tó bá ti tú sẹ́nu, ó ti rí ọ̀nà jáde, ó ń lọ nìyẹn. Agbẹ̀bí tó kàwé jù wá lọ sọ tirẹ̀ ní Faransé, ó ní “bouton de fièvre” ni, ó sì ní kí n fi òrí pa á. Yorùbá sọ ọ́, Faransé tì í lẹ́yìn, ta ni kò ní gbà? Mo fi òrí pa á, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní ọjọ́ kẹrin tí a bí ọmọ, ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pè mí nílé. Imú ọmọ ti dí, kò lè mí kó sì fa ọmú lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń ké, ọmú ìyá rẹ̀ sì ti le. Ike kékeré tí a fi ń fa ikun imú ọmọ ní màtẹ́nítè ti ya láti bí oṣù mélòó kan, kò sì sí òmíràn. Ṣùgbọ́n kí ni ike? Kí ike tó dé, ẹnu ni àwọn ìyá wa fi ń fa imú ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fa tèmi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fa tìrẹ. Mo jókòó sórí ẹní, mo gbé ọmọ náà sórí itan. Yàrá kún fún obìnrin. Mo ti ń tẹrí ba nígbà tí Ìyá, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Ọmọ mi, má fẹnu kàn án. Nílé wa, ẹni tí ibà bá tú sí lẹ́nu kì í gbọ́mọ tuntun títí èépá á fi bọ́.”

Mo ní, “Ìyá, ibà náà ti jáde. Ẹ ò rí i lẹ́nu mi ni?”

Ó ní, “Mo rí i. Ẹnu ló máa pa ọmọ yìí o. Ẹnu rẹ tó légbò yẹn.”

Mo gbójú sókè wo àwọn obìnrin tó kù, mo sì sọ ọ́, “Ìyá, féodalité nìyẹn!” Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi pàápàá rẹ́rìn-ín, ó di ikùn rẹ̀ mú. Ìyá kò rẹ́rìn-ín, kò sì jà. Mo fi ẹnu bo imú ọmọ náà, mo fà á, mo tu ú dànù, mo tún fà á. Ọmọ náà sín, ó mí kanlẹ̀, ó sì gba ọmú. Wọ́n ṣàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹnì kan ń ké pé, “Mẹ̀sí, kámárádì!” Mo dìde bí ẹni tó gba ìlú sílẹ̀.

A sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. N kò ní dárúkọ náà fún ọ, jọ̀ọ́. Ní ọjọ́ kejìlá ni kò gba ọmú mọ́. Ara rẹ̀ gbóná, lẹ́yìn náà ó tutù, ó sì ń sùn ṣáá, oorun tí a kò lè jí i nínú rẹ̀. Mo rí oówo omi bíi mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀, mo ní ooru ni, mo fi pọ́dà sí i. Ìyá ni mo bá lórí ibùsùn, tó ń wo ojú kan náà lára ọmọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ òsì ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. Gìrì. A wọ ọkọ̀ bàṣé kan tó ń kó àgbàdo lọ sí Àjàṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpò, ó ń pe orúkọ ọmọ náà láìdákẹ́, láti Ifangni títí a fi dé ọsibítù. Àwọn dókítà gbìyànjú. Ní ọjọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, dókítà yọ ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àyà ọmọ kúrò létí, ó sì fi í sápò. Ẹ̀gbọ́n mi kò ké. Ó tú aṣọ ọmú rẹ̀, ó ní, “Ẹ gbé e wá, bóyá á gbà á báyìí.” Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yẹn ń bẹ nínú mi títí di ìsinsìnyí.

Kí òkú ọmọ tó kúrò lọ́kàn, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ìlú. O mọ bí ó ṣe rí lásìkò yẹn, bí rédíò ṣe ń pariwo nípa àwọn arúgbó tó ń jẹ ọmọ, bí wọ́n ṣe ń kó àwọn ìyá àgbàlagbà jáde níwájú ìlú. Àwọn obìnrin tó wà ní yàrá ọjọ́ náà rántí pé Ìyá sọ nǹkan kan. Ohun tí wọ́n rántí ni ohun tó dún sí wọn létí: Ẹnu ló máa pa ọmọ yìí. Ẹnu! Ta ni kò mọ irú ẹnu bẹ́ẹ̀? Ẹnu àwọn tó máa ń sọ ọ́ kó ṣẹ. Ẹnu àwọn tó ń jẹun lójú àlá. Báwo ló ṣe mọ̀ pé ọmọ náà máa kú, bí kì í bá ṣe òun ló pa á? Ọ̀rọ̀ tó fi kìlọ̀ ni wọ́n wá fi mú un.

Délégè pe ìpàdé sí àgbàlá ilé ẹ̀kọ́, lábẹ́ igi máńgòrò. Ìyá dúró láàárín, ó wọ bùbá tó wọ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọmọ rẹ̀, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, jókòó, ó wolẹ̀. Wọ́n ní èmi ni mo súnmọ́ ọmọ náà jù lọ́jọ́ yẹn, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ni mí, ẹ̀rí mi ni wọ́n máa gbà. Délégè ní, “Kámárádì, kí ni ìyá yìí sọ?”

Mo dìde. Èépá ti bọ́ lẹ́nu mi nígbà yẹn, ojú ibẹ̀ ṣì pọ́n díẹ̀. Mo ní, “Ó ní, ẹnu ló máa pa ọmọ yìí.”

Ìlú hó yèè. Ìyá gbójú sókè, ó wo ètè mi, kò wo ojú mi. Ó ní, “Ọmọ mi, parí ọ̀rọ̀ náà.”

Mo jókòó.

Má bi mí bóyá mo mọ̀. Mi ò mọ̀, mo sì mọ̀. Mi ò gbà pé egbò ètè lè pa ọmọ, mo gbà pé ibà ti jáde. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀, mo mọ̀ pé ẹnu mi ló ń bá wí, ẹ̀rù sì bà mí pé bí mo bá parí rẹ̀, gbogbo ojú tó wà lára Ìyá máa yí sára mi. Ẹ̀gbọ́n mi náà jókòó níbẹ̀, tó ń wò mí. Mo ní kí n dákẹ́ fún ọjọ́ kan péré, ká lè rí bí ó ṣe máa rí lọ́la.

Ọ̀la yẹn ni Ìyá di ẹrù rẹ̀. Délégè ní kó kúrò nílùú fún ààbò ara rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò sì sọ pé rárá. Ó gba ọ̀nà Igolo kọjá bodè sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Nàìjíríà, ó ru ìkòkò epo kan, ó di aṣọ sẹ́yìn bí ẹni pọnmọ. Ó gba iwájú màtẹ́nítè kọjá. Mo rí i láti ojú fèrèsé, mo sì sá sẹ́yìn. Òjò kejì lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin kan tó ti ọjà bọ̀ ló sọ fún wa pé ìyá yẹn ti sùn. Wọ́n ní kò ṣàìsàn púpọ̀. Wọ́n ní kò kàn fẹ́ jẹun mọ́.

Ọdún gorí ọdún. Rẹfolúsíọ̀n kọjá lọ, kámárádì tún di mùsíọ̀, délégè tún ń wá ẹni tí yóò pe òun ní baálẹ̀. Mo ti di àgbà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí wọ́n kó wa lọ sí Kútọnù fún ìdálẹ́kọ̀ọ́ lórí ìtọ́jú ọmọ tuntun. Dókítà obìnrin kan ló ń kọ́ wa. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya bọ́ọ̀lù kan sójú pátákó, ó sì ya ìkọ́ wẹ́wẹ́ yí i ká. Ó ní bọ́ọ̀lù náà ni fírúsì tí wọ́n ń pè ní herpès, àwọn ìkọ́ náà sì ni àwọn purotéènì tó wà lójú ara rẹ̀. Ó ní fírúsì kò lẹ́sẹ̀, kò léyín, àwọn purotéènì yìí nìkan ló fi ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Bí kò bá wọlé, kò lè pọ̀ sí i, á kàn ṣòfò síta ni. Àwọn kan lára wọn á kọ́kọ́ rọra so mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì. Òmíràn á wá ohun kan pàtó tó wà lójú sẹ́ẹ̀lì náà. Bí wọ́n bá ti bá ara wọn mu, á ta àwọn tó kù lólobó, àwọn yẹn á sì fa awọ fírúsì mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì títí méjèèjì á fi di ọ̀kan, bí ẹ̀kán epo méjì ṣe ń parapọ̀ lójú omi. Ó ti wọlé nìyẹn.

Mo bi í bóyá ilẹ̀kùn kan náà ló wà lára gbogbo sẹ́ẹ̀lì. Ó ní rárá o. Ohun tí fírúsì yìí ń wá wà lára awọ ètè, ó wà lára iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sọ́pọlọ, ó sì tún mọ ohun mìíràn tó lè dì mú lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun. Ó ní ìbátan rẹ̀ kan wà tó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ: èyí tó bá jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ máa ń mọ ọ̀nà ọ̀fun wọ̀, èyí tó bá sì jáde láti ọ̀fun máa ń mọ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ wọ̀. Èmi tí mo dàgbà lẹ́nu bodè, ó yé mi kíákíá. Ìwé tí aṣọ́bodè ìhín fẹ́ rí kọ́ ni ti ọ̀hún fẹ́ rí, ẹni tó bá sì ní méjèèjì lápò, kò síbi tí kò lè dé.

Ó wá bi wá ohun tí a ń pe egbò náà nílé. Mo ní, “Ibà tó tú sẹ́nu. A ní ibà ti jáde.” Ó mi orí. Ó ní, “Kò jáde rí. Ibi iṣan ló sùn sí, lẹ́yìn ojú níbí. Bí ibà bá mú yín, á jí, á sọ̀kalẹ̀ wá sí ètè. Ìgbà tí ẹ bá rí i lẹ́nu yín gan-an ló ń wá ẹni tó máa wọ̀. Àgbàlagbà á ta á nù. Ọmọ tuntun tí ìyá rẹ̀ kò ní fírúsì náà rí kò rí ààbò kankan gbà lára ìyá. Á gba imú tàbí ẹnu wọlé, á dé ọpọlọ.”

Mo bi í pé bí ẹnì kan bá fẹnu fa imú ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ńkọ́. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. “Ta ló ṣe bẹ́ẹ̀?” Mo ní mo kàn ń bèèrè ni. Òtítọ́ ni pé kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò lásìkò yẹn, nǹkan mìíràn sì lè fa gìrì. Mo ti fi ìyẹn tu ara mi nínú títí, kò ṣiṣẹ́. Mo rí oówo mẹ́ta yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ, ó ti ní ọmọbìnrin kan nígbà yẹn, ó ti fẹ̀yìn tì. Mo sọ ti egbò, mo sọ ti ìpàdé, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò dá ọwọ́ dúró títí mo fi parí. Ó wá ní, “Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀ lọ́jọ́ tó sọ ọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìwọ lo máa rántí.” Ó gbé àtẹ rẹ̀ wọlé. Ó ṣì máa ń fi gààrì ránṣẹ́ sí mi, a kò sì tún dárúkọ Ìyá láàárín ara wa mọ́.

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti dé, ètè mi á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, lójú kan náà. Nǹkan yẹn kò fi mí sílẹ̀ rí, òun àti èmi la jọ ń darúgbó. Ní ọyẹ́ tó kọjá, pẹ̀lú egbò náà lẹ́nu, mo sọdá bodè. Ọmọ àbúrò Ìyá mú mi lọ sẹ́yìnkùlé, ó fi ibì kan hàn mí lábẹ́ igi ọ̀pẹ, kò sí àmì kankan níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ti ro ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́nà, ẹ̀bẹ̀, àlàyé, gbogbo ohun tí dókítà kọ́ wa, kò sí ìkankan tó jáde. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí mo jẹ ẹ́ ní gbèsè. Mo bo ẹnu mi pẹ̀lú ìborùn, mo sì sọ ọ́ fún un: “Ẹnu mi, Ìyá. Ẹnu mi tó légbò yìí.”